Igi láàárín ìlà àgbàdo: bí a ṣe wọn kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ àti gáàsì tó ń tú jáde

Ẹni tó bá ti ń sọ̀rọ̀ igi láàárín ohun ọ̀gbìn, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé ilẹ̀ á kó kábọ́ọ̀nù pamọ́. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó ni? Apá ibo nínú oko ló wà? Ewé igi tó ń jẹrà lórí ilẹ̀ ńkọ́? Òun náà ń tú N₂O (nitrous oxide) jáde, gáàsì tó jẹ́ pé kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó kílò 273 CO₂ (carbon dioxide) láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí igi bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún kó kábọ́ọ̀nù wọlé, tó ń fi ọwọ́ òsì tú N₂O jáde, a gbọ́dọ̀ wọn méjèèjì ká tó mọ èrè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀. Ẹ má retí ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́ níbí. Irinṣẹ́, ìwọ̀n, ohun tó bàjẹ́ àti bí a ṣe tún un ṣe ni mo kọ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ má bàa jìn sí kòtò tí a ti jìn sí.

Ìpele 1: Pípín ilẹ̀

Ọ̀nà tí mo yàn ni èyí tí B. T. Kang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ṣiṣẹ́ lé lórí láti ìparí àwọn ọdún 1970: igi ní ìlà-ìlà, àgbàdo láàárín ìlà, kí a máa rẹ́ igi náà kó má bàa ṣíji bo àgbàdo, kí a sì fi ewé rẹ̀ bo ilẹ̀. Leucaena ni wọ́n lò gan-an nígbà náà. Èmi kò lò ó, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ máa ń tàn káàkiri di èpò. Agúnmániyè, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Gliricidia sepium, ni mo mú. Bí a bá gé e, á tún rú. Òun náà sì ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ bí ẹ̀wà ṣe ń ṣe.

Oríṣi mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra:

A – àgbàdo nìkan, láìsí ajílẹ̀.
B – àgbàdo pẹ̀lú ajílẹ̀ inú àpò.
D – àgbàdo láàárín agúnmániyè, láìsí ajílẹ̀.
E – àgbàdo láàárín agúnmániyè, pẹ̀lú ajílẹ̀ inú àpò.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fara hàn lórí ilẹ̀, ìyẹn oko kéékèèké mẹ́rìndínlógún, mítà 16 sí mítà 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́, nítorí náà mo pín in sí ọ̀wọ́ mẹ́rin láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ṣẹ́ kèké nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan láti mọ ibi tí A, B, D àti E yóò bọ́ sí. Ẹ má fi ojú yan ibi tí igi máa wà. Ojú ènìyàn a máa fẹ́ràn ibi tó dúdú.

Igun kan wà tí mo yọ sílẹ̀ pátápátá: àkìtàn ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, eérú àti èédú sì kún inú rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù inú èédú lè pẹ́ nínú ilẹ̀ ju ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lọ. Bí oko kan bá bọ́ sórí irú ibẹ̀, gbogbo ìṣirò dàrú.

Ohun tí n kò ronú kàn ní ìpele yìí ni gbòǹgbò. Àlàfo mítà 2 péré ni mo fi sáàárín oko kan àti èkejì. Nígbà tí a padà wá gbẹ́ ilẹ̀ oko A lẹ́yìn tí igi ti dàgbà, gbòǹgbò agúnmániyè ti rá wọ inú rẹ̀, wẹ́wẹ́, pupa rúsúrúsú. Oko tó yẹ kó jẹ́ aláìnígi ti ń jẹ nínú ti onígi. A wa yàrà tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60 yí àwọn oko A àti B ká, a tẹ́ ọ̀rá nylon tó nípọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì dá iyẹ̀pẹ̀ padà. Láti ìgbà náà, àárín gbùngbùn oko nìkan ni a ti ń wọn nǹkan, a kì í fọwọ́ kan etí rẹ̀. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó pọ̀, kó fi àlàfo tó fẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ yàrà wíwà kì í ṣe kékeré.

Ìpele 2: Wíwọn ilẹ̀ kí igi tó wọ inú rẹ̀

Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló gbé gbogbo iṣẹ́ yòókù dúró. A kò lè sọ pé igi fi kábọ́ọ̀nù kún ilẹ̀ bí a kò bá mọ èyí tó wà níbẹ̀ kí igi tó dé. Kí a kàn fi oko onígi wé oko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tó, torí ó lè jẹ́ ilẹ̀ tó dára jù ni wọ́n gbin igi sí, ó sì lè jẹ́ èyí tó ti ṣá tí kò ṣeé lò fún nǹkan mìíràn.

Irinṣẹ́: irin ìlulẹ̀ tí wọ́n ń pè ní auger, òrùka irin tí ẹnu rẹ̀ mú, òòlù, pákó pẹlẹbẹ, ọ̀bẹ, àpò ọ̀rá, bírò tí omi kì í pa rẹ́, òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá gíráàmù, ófùnù tó lè dúró sójú kan ní dígírì 105.

Ìjìnlẹ̀ tí a wọ̀n: 0 sí 10, 10 sí 20, 20 sí 30, 30 sí 60, àti 60 sí 100 sẹ̀ǹtímítà. Ìlànà IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, fún ìṣirò orílẹ̀-èdè kì í sábà kọjá 30. Fún àgbàdo nìkan, ó lè tó. Fún igi, ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni 30 yẹn.

Òrùka irin náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 ní inú, ó sì ga ní 5. Ohun tó ń gbà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 98 ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ gbé e lé ojú ilẹ̀, ẹ gbé pákó lé e, ẹ fi òòlù gbá pákó náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí etí òrùka yóò fi bá ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ wa ilẹ̀ yí i ká, ẹ yọ ọ́ láti ìsàlẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gé iyẹ̀pẹ̀ tó yọ lókè àti nísàlẹ̀. Gígé ni o, ẹ má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé, torí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti fi iyẹ̀pẹ̀ kún iyẹ̀pẹ̀. Wákàtí 24 nínú ófùnù, lẹ́yìn náà ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 127, ìwúwo ilẹ̀ náà jẹ́ nǹkan bíi 1.3 gíráàmù fún sẹ̀ǹtímítà kan ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ìṣirò kábọ́ọ̀nù kò le. Ẹ fi ìdá kábọ́ọ̀nù nínú ọgọ́rùn-ún, ìwúwo ilẹ̀, àti ìjìnlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà sọ ara wọn di púpọ̀, ohun tó bá jáde ni tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà. Ká ní kábọ́ọ̀nù jẹ́ 1.2, ìwúwo 1.3, ìjìnlẹ̀ 20: tọ́ọ̀nù 31.2 nìyẹn.

Pàkúté kan wà nínú rẹ̀. Igi máa ń mú kí ilẹ̀ rọ̀. Ká ní lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ìwúwo sọ̀ kalẹ̀ láti 1.3 sí 1.2, kábọ́ọ̀nù sì ṣì jẹ́ 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá tún wọn 20 sẹ̀ǹtímítà náà, tọ́ọ̀nù 28.8 ni yóò jáde, ẹ ó sì rò pé igi ti jẹ tọ́ọ̀nù 2.4. Kò sóhun tó jẹ ẹ́. Ilẹ̀ ló wú sókè tí rúlà yín kò fi kó iyẹ̀pẹ̀ tó pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n iyẹ̀pẹ̀ kan náà ni kí ẹ fi wéra: tọ́ọ̀nù 2,600 iyẹ̀pẹ̀ ló wà nínú 20 sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́, láti rí iye yẹn nínú ilẹ̀ tó ti rọ̀, ẹ ní láti lọ tó 21.7 sẹ̀ǹtímítà. Ní ti ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn tàbí katakata ti kì mọ́lẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn èrè tí kò sí.

Iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ tí a kó ṣòfò. Tútù la dì í sínú ọ̀rá, a so ó, a gbé e jókòó kí láàbù tó ráyè gbà á. Nígbà tí a máa tú u, olú funfun ti hù sára rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù tí a fẹ́ wọ̀n ni olú náà ń jẹ, ó sì ń mí in jáde sínú ọ̀rá. A dà á nù, a tún òmíràn kó. Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ tí a bá kó iyẹ̀pẹ̀ náà ni a ń tẹ́ ẹ sí abẹ́ òrùlé, níbi tí afẹ́fẹ́ wà tí oòrùn kò sí. Bó bá ti gbẹ, a ṣa gbòǹgbò tí ojú lè rí, a sì kù ú nínú asẹ́ oníhò mìlímítà 2. Ẹni kan náà ni kó máa ṣa gbòǹgbò fún gbogbo rẹ̀. Bí ẹni méjì bá pín in ṣe, ọ̀kan á ṣa ju èkejì lọ, ìyàtọ̀ ọwọ́ wọn á sì dà bí ìyàtọ̀ ilẹ̀.

Ní láàbù, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀nà Walkley àti Black, tó ti wà láti 1934, kò gba ẹ̀rọ ńlá. Ṣùgbọ́n kì í jó gbogbo kábọ́ọ̀nù tán, nǹkan bíi ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń mú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.3. Ìdọ̀tí rẹ̀ ní chromium tó jẹ́ májèlé, kò ṣeé dà sínú gọ́tà. Ẹ̀rọ tó ń jó iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ló péye jù, àfi tí òkúta ẹfun bá wà nínú ilẹ̀, torí ẹ̀rọ náà á ka kábọ́ọ̀nù inú ẹfun mọ́ ọn. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má yí i padà láàárín iṣẹ́. Mo fi ìdajì iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ pamọ́ sínú ìgò, kí àtijọ́ àti tuntun lè jọ wọ inú ẹ̀rọ kan náà ní ọjọ́ kan náà.

Ìpele 3: Gbígbin igi

Ìlà sí ìlà, mítà 4. Igi sí igi lórí ìlà, sẹ̀ǹtímítà 50. Igi 5,000 ni ìyẹn lórí hẹ́kítà kan. A fa ìlà dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, kó lè dá àgbàrá lọ́wọ́ kọ́. (Èyí náà ní tirẹ̀ nínú ìṣirò: iyẹ̀pẹ̀ tí àgbàrá gbá jọ sẹ́yìn ìlà igi máa ń ní kábọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n òkè oko ló ti wá. Ó ṣí ipò padà ni, kì í ṣe èrè.)

Èèkàn la kọ́kọ́ rì, ìyẹn ẹ̀ka agúnmániyè tí a gé, torí pé ó yá. Àwọn kan jẹrà nísàlẹ̀, àwọn kan yọ ewé tán kí wọ́n tó gbẹ. Yàtọ̀ sí èyí, igi tó ti ara èèkàn hù kì í ní olórí gbòǹgbò tó ń lọ sísàlẹ̀ tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ ń tàn sí, ibi tí ti àgbàdo wà. Bí ẹ bá fẹ́ kí kábọ́ọ̀nù wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀, irúgbìn ni kí ẹ lò. A fa èèkàn tu, a sì fi ọmọ igi tí a hù nínú ọ̀rá rọ́pò gbogbo wọn.

Ọmọ agúnmániyè kì í tètè dìde. Àgbàdo á yọ orí lé e kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. A jìnnà àgbàdo sí ìlà igi ní sẹ̀ǹtímítà 75, a sì ń ro ìdí igi lọ́tọ̀. Kò sí rírẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́.

Ìpele 4: Ewé

Sẹ̀ǹtímítà 50 láti ilẹ̀ ni a ń gé igi sí, kí àgbàdo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ga. A wọn ewé tútù oko kọ̀ọ̀kan, a mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ gbẹ ní dígírì 65, kí a lè mọ bí ti gbígbẹ ṣe tó.

Náítírójìn inú ewé agúnmániyè gbígbẹ máa ń wà láàárín ìdá 3 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní oko mú tọ́ọ̀nù 3 ewé gbígbẹ wá lórí hẹ́kítà kan, ó kéré tán, kílò 90 náítírójìn nìyẹn. Ó tó ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń dà sílẹ̀ láti inú àpò. Ewé yìí tètè ń jẹrà, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan púpọ̀ nínú rẹ̀ ti yọ́ wọ ilẹ̀. Náítírójìn tó yára tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí àgbàdo kò bá sí nílẹ̀ láti gbà á, àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú ilẹ̀ ló máa gbà á, N₂O sì ń tara wọn jáde.

Àwọn tó bá wa ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ kó ewé jọ gègèrè sórí ìlà, torí ó yá ju kí wọ́n fọ́n ọn lọ. Nígbà tí mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkìtì kan, ó gbóná, ó rin, ó sì ń rùn bí ẹ̀gbin. Ibi tí ọ́síjìn ti tán tí náítírójìn sì pọ̀ nìyẹn, N₂O kò ní ibùgbé tó dára jù ú lọ. A fọ́n gbogbo ewé náà ká ní pẹlẹbẹ. Ẹ̀ka tó nípọn ju àtàǹpàkò lọ ni a yọ sọ́tọ̀, a sì wọn òun náà lọ́tọ̀.

Ìpele 5: Àpótí gáàsì

Níbí ni mo ti lo àsìkò jù, níbí náà ni nǹkan ti bàjẹ́ jù.

Ohun tí a fẹ́ ṣe rọrùn láti sọ: kí a bo ojú ilẹ̀ kan fún wákàtí kan, kí a máa fi síríǹjì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kí a wo bí gáàsì ṣe ń pọ̀ sí i tàbí dín kù.

Ìdí àpótí: páìpù PVC tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25, a gé e ní 15-15, a pọ́n ẹnu rẹ̀ kan kó mú, a sì gbá a wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8.

Ìdérí: korobá oníke tí a dojú rẹ̀ dé. Etí rẹ̀ ni a fi rọ́bà inú táyà wé, kó lè di páìpù mú. Ihò mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀: ọ̀kan fún rọ́bà ìdérí ìgò abẹ́rẹ́ tí síríǹjì ń gbà wọlé, ọ̀kan fún wáyà tẹmómítà, ọ̀kan fún ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín tí a ká, kí afẹ́fẹ́ inú àti ti ìta lè máa bá ara wọn dọ́gba bí atẹ́gùn bá fẹ́. A fi bébà fàdákà wé gbogbo ara korobá. Láìsí i, inú rẹ̀ á gbóná kíákíá lójú oòrùn, ohun tí ẹ bá wọ̀n á sì di ti ilẹ̀ tó wà nínú ààrò.

Afẹ́fẹ́ ni a ń fà ní ìṣẹ́jú 0, 20, 40 àti 60, sínú ìgò kéékèèké onímìlílítà 12 tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Àárín agogo mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ ni, ìgbà tí ooru ilẹ̀ máa ń sún mọ́ ìpíndọ́gba ti ọjọ́ náà.

Àwọn ohun tó dàrú:

Èkíní, èsì àkọ́kọ́ kò dúró ní ìlà tó tọ́. CO₂ ń gòkè títí dé ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà ó tẹ́. Àpótí ń jò. Láti mọ ojú ibi tó ń jò, a gbé korobá náà sínú abọ́ omi tó fi etí rẹ̀ dí, a mí sínú rẹ̀, a fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ka CO₂ sínú, a sì ń wò ó. Iye náà ń sọ̀ kalẹ̀. Ihò wáyà tẹmómítà ni. A fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù dí i tinú-tòde, ó dúró.

Èkejì, ọjọ́ tí a gbá páìpù wọlẹ̀ ni a wọ̀n, CO₂ sì pọ̀ kọjá ààlà. Gbòǹgbò tí páìpù gé ló ń kú, ilẹ̀ tí a mì náà ń mí. Ẹ jẹ́ kí páìpù jókòó fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó wọn nǹkan kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí di ìgbà ìkórè.

Ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, gáàsì inú ihò ilẹ̀ á tú sínú àpótí. A tẹ́ pákó gígùn tí a ń dúró lé.

Ẹ̀kẹrin, ìgò. Rọ́bà orí ìgò tí abẹ́rẹ́ ti gún púpọ̀ kì í dí mọ́. A máa ń gbé ìgò díẹ̀ tí gáàsì tí a mọ iye rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lọ sí oko, ká sì gbé e bọ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí iye rẹ̀ bá yí padà ní láàbù, ìrìn àjò ló jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ibi tí àpótí máa jókòó wá kù. Nínú oko onígi, ibi mẹ́ta ni a fi í sí: orí ìlà igi, ẹ̀gbẹ́ ìlà, àti àárín gbùngbùn àlàfo. Ẹ má kàn ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ẹ fi mẹ́ta pín in. Nínú mítà 4 tó wà láti ìlà dé ìlà, mítà 1 ni mo kà sí orí ìlà, 1.5 sí ẹ̀gbẹ́, 1.5 sí àárín. Nítorí náà, orí ìlà ní ìdá 0.25, àwọn méjì tó kù ní 0.375 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni fún iyẹ̀pẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ ní ìdí igi nìkan, tó wá sọ pé oko òun nìyẹn, ó ti sọ oko di igbó.

Ìpele 6: Láti inú síríǹjì dé hẹ́kítà

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan pa pọ̀. Àpótí ga ní sẹ̀ǹtímítà 20 láti ojú ilẹ̀, ooru jẹ́ dígírì 25. Láàárín wákàtí kan, N₂O lọ sókè ní 40 ppb (ìyẹn 40 nínú bílíọ̀nù kan), nígbà tí ti afẹ́fẹ́ lásán jẹ́ bíi 335. Lórí mítà kan níbùú lóròó, lítà 200 afẹ́fẹ́ ló wà nínú àpótí, lítà 24.45 sì ni mole gáàsì kan (òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fi ń ka gáàsì) ní ooru yẹn. Bí a bá fi ìwọ̀nyí ṣe é, bíi 9.2 máíkírógíráàmù náítírójìn ló jáde. Ká ní bẹ́ẹ̀ ló rí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan, kílò 0.8 náítírójìn lórí hẹ́kítà nìyẹn. Ẹ sọ ọ́ di N₂O nípa fífi 44 lórí 28 sọ ọ́ di púpọ̀: kílò 1.26. Ẹ tún fi 273 sọ ọ́ di púpọ̀: bíi kílò 344 CO₂.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè. Ní Restinclières, gúúsù ilẹ̀ Faransé, wọ́n wọn ilẹ̀ tí wọ́n gbin igi walnut sí láàárín àlìkámà, ìlà sí ìlà mítà 13. Lẹ́yìn ọdún 18, ohun tí 30 sẹ̀ǹtímítà òkè ilẹ̀ ti jèrè jẹ́ bíi kílò 250 kábọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà lọ́dún. Kílò kan kábọ́ọ̀nù jẹ́ kílò 3.67 CO₂, torí náà èrè yẹn fẹ́ẹ̀ẹ́ tó kílò 917. Bí 40 ppb tí a rí yẹn bá jẹ́ àlékún tí igi fà, ó ti jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́ta èrè irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan tí ojú kò rí, tí imú kò gbóòórùn, tó jẹ́ pé àpótí tó jò díẹ̀ kò ní rí i rárá.

N₂O kì í sì í jáde déédéé. Ó máa ń dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí òjò bá wá rọ̀ sórí ewé tútù tàbí ajílẹ̀ tuntun, á ru gùdù. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù lè máà bá a nílé láéláé, ó sì lè bá a lọ́jọ́ tó ru, kó wá fi ọjọ́ kan ṣojú fún oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni tiwa, àfi lẹ́yìn ewé gígé, ajílẹ̀ tàbí òjò ńlá, tí a ń lọ lójoojúmọ́ títí yóò fi rọlẹ̀.

CO₂ tó ń jáde láti inú àpótí ńkọ́? A kì í kà á sí gbèsè. Gbòǹgbò àgbàdo àti ti igi ń mí, èémí wọn sì wà nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá pàdánù kábọ́ọ̀nù lóòótọ́, iyẹ̀pẹ̀ tí a wọ̀n ní ìpele 2 ló máa sọ. Ẹni tó bá ka méjèèjì ti ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìpele 7: Ohun tó jáde

Kábọ́ọ̀nù ilẹ̀: orí ìlà igi ni ìyàtọ̀ ti kọ́kọ́ hàn, ní 10 sẹ̀ǹtímítà òkè, níbi tí ọkọ́ kì í dé tí ewé sì ń jábọ́ sí. Àárín àlàfo kò tíì yàtọ̀ sí oko A lọ́nà tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Kò yà mí lẹ́nu. Ní Restinclières náà, orí ìlà igi ni púpọ̀ nínú èrè wọn wà, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ègé ewé àti gbòǹgbò tí kò tíì jẹrà tán. Èyí tó lẹ̀ mọ́ amọ̀, tó lè pẹ́, kéré. Bí wọ́n bá hú irú igi bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tú ilẹ̀ náà, kò ní pẹ́ kó tó padà sínú afẹ́fẹ́. Ìsàlẹ̀ 30 sẹ̀ǹtímítà ni mo ń wò jù báyìí. Ní Makoka, gúúsù Malawi, níbi tí wọ́n ti gbin agúnmániyè sáàárín àgbàdo láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n wọn ilẹ̀ dé mítà 2, wọ́n sì rí iṣẹ́ gbòǹgbò níbẹ̀.

Mítéènì, gáàsì mìíràn tó ń mú ayé gbóná: ilẹ̀ gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń wọlé sí máa ń jẹ mítéènì, torí bakitéríà kan wà tó ń fi í ṣe oúnjẹ. Oko onígi jẹ ẹ́ díẹ̀ ju oko A lọ nígbà ọ̀dá. Iye rẹ̀ kéré débi pé kò yí ìṣirò padà.

N₂O ni ọ̀rọ̀ wà. Oko E, tó gba ewé àti ajílẹ̀ pa pọ̀, ló tú jáde jù, àgbàdo rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti D lọ. Oko D ru sókè lẹ́yìn ewé gígé, ó sì rọlẹ̀. Oko B ru lẹ́yìn ajílẹ̀. Èyí bá ohun tí IPCC tún gbé jáde ní 2019 mu, pé ní ilẹ̀ tí òjò ti pọ̀, kí a ka ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún náítírójìn inú àpò sí N₂O, àti ìdá 0.6 fún ti ewé àti ìgbẹ́ ẹran. Lórí kílò 90 kan náà, kílò 1.44 sí kílò 0.54 náítírójìn nìyẹn. Nítorí náà, lójú tèmi, ibi tí èrè igi ti tètè ń hàn ni ajílẹ̀ tí a kò rà. Kábọ́ọ̀nù inú ilẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, pẹ̀lú ìrìn ìgbín. Ẹni tó bá gbin igi, tó ṣì ń da àpò ajílẹ̀ tó ń dà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi gáàsì san gbèsè tí kò jẹ.

Kábọ́ọ̀nù inú igi fúnra rẹ̀: a wọn ìdí àti ẹ̀ka, a sì ka ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún igi gbígbẹ sí kábọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n igi tí a ń gé lọ́dọọdún kì í kó púpọ̀ jọ, ẹ̀ka tí a bá fi dáná sì ti padà sójú ọ̀run. Kùkùté àti gbòǹgbò nìkan ni mo kọ sínú ìwé èrè.

Àwọn àtúnṣe tó ti wọ iṣẹ́ báyìí: ewé gígé ti sún síwájú kó lè bọ́ sí ìgbà tí àgbàdo ń fa náítírójìn gan-an, nígbà tó bá ga dé orúnkún. Ìdajì ewé ni a ń gé lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. A ti yọ ajílẹ̀ kúrò nínú ìdajì àwọn oko E láti mọ bí N₂O yóò ṣe dín kù tó. Irin ìlulẹ̀ tuntun tó lè dé mítà kan àti ààbọ̀ ti wà nílẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ inú ìgò sì ń dúró de ìgbà tí ti tuntun máa gbẹ, kí méjèèjì lè jọ lọ sí láàbù.